Ẹni Tí Kò Gbà Pé Ọkàn Wà, Ṣé Ìkà Ni?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti mọ́ wa lẹ́nu jù. A máa ń ní ẹni tí kò bá gbà pé ọmọ ènìyàn ní ọkàn tí ikú kò lè pa, tí kò retí ọ̀run, tí kò bẹ̀rù ìdájọ́, kò sí ìwà ìkà tí kò lè ti ọwọ́ rẹ̀ wá. A ní ẹran lásán ni yóò máa rí ọmọnìkejì rẹ̀ sí, ẹni tó bá sì ti ń rí ènìyàn bí ẹran, ọ̀bẹ nìkan ló kù tí yóò máa wá kiri. Mo ti gbọ́ ọ nínú ìwàásù, mo ti gbọ́ ọ nínú wáàsí, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kì í lọ síbì kankan lọ́jọ́ Jímọ̀ tàbí lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò ní èrò búburú lọ́kàn. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé bí a bá yọ ọkàn kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀dá, kí ló kù tí yóò di ìkà lọ́wọ́ mú? Ìbéèrè gidi ni. Igi gańgánran má gún mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, ìkórìíra sì ni igi tó ti gún ayé lójú jùlọ. Ó yẹ ká mọ ibi tó ti ń hù.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́.

Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ ni wọ́n ti bí Táí Ṣólàrín ní 1922. Ó bá àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó kàwé ní Manchester àti Lọ́ńdọ̀nù, ó fẹ́ Sheila tí í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wálé. Ní 1952 ó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Mọlúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ibẹ̀ ló wà tó fi ní kí wọ́n dáwọ́ orin ìsìn àti àdúrà dúró nínú ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí dá wàhálà sílẹ̀, nígbà tó sì yá, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1956, òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ìjọ kankan lẹ́yìn ni, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ìjọ ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ wa wà nígbà náà. Ọkùnrin náà kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi bò. Ó ń sọ ọ́ ní gbangba, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Ayé tí a wà yìí nìkan ló mọ̀, ènìyàn tó wà nínú rẹ̀ nìkan ló sì rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí òun jẹ ní gbèsè.

Bí ọ̀rọ̀ tó mọ́ wa lẹ́nu yẹn bá jẹ́ òótọ́, ibi ìkà ló yẹ kí Mayflower jẹ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń ro oko, ó ń sin adìyẹ, ó ń po sìmẹ́ńtì, ó ń gé búlọ́ọ̀kù, ó ń bá wọn kọ́ ilé tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò lò. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti inú ilẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbìn wá. Ọmọ ẹni tó ní mọ́tò àti ọmọ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn di ọkọ́ kan náà mú, ọwọ́ àwọn méjèèjì sì lé. Ọ̀gá wọn ń bẹ láàárín wọn nínú ṣòkòtò péńpé kakí, fìlà lórí. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ti ka ìwé dé Lọ́ńdọ̀nù, kóòtù àti táì là ń bá lára rẹ̀, ó sì di ẹni tí à ń dọ̀bálẹ̀ kí láti ẹnu ọ̀nà. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá, Ṣólàrín sì fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ òwe náà níwájú àwọn ọmọ tó ń kọ́. Òbí onígbàgbọ́ mú ọmọ wá fún un, òbí mùsùlùmí mú ọmọ wá fún un. Kò lé ẹnikẹ́ni nítorí ohun tí wọ́n ń sìn nílé.

Ọjọ́ kìíní ọdún 1964, nígbà tí gbogbo wa ń kí ara wa pé ọdún á yabo, ó kọ ọ́ sínú Daily Times pé ọ̀nà tó le ni òun ń tọrọ fún àwọn tó ń ka ìwé òun. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ á pè é ní èpè. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná, á mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, irú ìfẹ́ tí bàbá ń ní sí ọmọ tó fẹ́ kó dá dúró. Nígbà tí àwọn ológun tún gba ìjọba ní ìparí 1983, wọ́n tì í mọ́lé láti 1984 di 1985 nítorí pé kò pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ní 1989, nígbà tí wọ́n dá báńkì tí wọ́n ń pè ní People's Bank sílẹ̀, tó ń yá aláròóbọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ lówó láìgba ilé tàbí ilẹ̀ ṣe ìdúró, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ó ti lé ní 65 ọdún nígbà náà. Ó kú ní oṣù keje 1994.

Mi ò pè é ní ẹni mímọ́. Ẹnu rẹ̀ mú, ó máa ń sọ̀rọ̀ ìsìn lọ́nà tó ń dun àwọn ẹlẹ́sìn, bó bá sì ti dá ọ̀rọ̀ kan lójú, àtigbọ́ ti ẹlòmíràn a máa nira fún un. Ṣùgbọ́n ìkórìíra ni à ń wá, mi ò sì rí i nínú ìgbésí ayé ọkùnrin náà. Ìwà ọmọ ní í sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ tí ìwà Ṣólàrín sọ ọ́, kò sí ìjọ tí kò ní wù kó jẹ́ ọmọ wọn ló ń jẹ́ ẹ.

Wọ́n á ní igi kan kì í dá igbó ṣe, wọn ò sì jayò pa. Ẹ jẹ́ ká yí i padà, ká wo àwọn tó gba ọkàn gbọ́ láìsí iyèméjì.

Ọkọ̀ ojú omi ni Ṣólàrín fi sọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 1620, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń ni lára nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sin Ọlọ́run wọ ọkọ̀ Mayflower lọ sí Amẹ́ríkà. Ogójì ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1660, ní Boston tí kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí, àwọn olùfọkànsìn tí irú ìnira kan náà lé kúrò ní Gẹ̀ẹ́sì yẹgi fún obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Dyer. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ń ṣe ìsìn àwọn Quaker, wọ́n lé e lọ, ó padà wá. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn tó dá ẹjọ́ yẹn tó ṣiyèméjì pé obìnrin náà ní ọkàn. Ọ̀rọ̀ ọkàn gan-an ló mú wọn pa á.

Èyí tó tún bà mí nínú jẹ́ jùyẹn lọ ni ti Virginia. Ní àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ìròyìn kan ń jà láàárín àwọn ẹrú àti àwọn olówó wọn pé onígbàgbọ́ kò lè fi onígbàgbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹrú. Ní 1656, obìnrin kan tó ń jẹ́ Elizabeth Key, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà, pe ẹjọ́ ní Virginia. Ó ní ọmọ òmìnira ni bàbá òun, wọ́n sì ti ṣe ìrìbọmi fún òun. Ó jàre, ó gba òmìnira. Ẹ̀rù wá ba àwọn olóko. Bí omi orí bá lè tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ta ló máa jẹ́ kí àlùfáà dé ọ̀dọ̀ ẹrú òun? Ní 1667, àwọn aṣòfin Virginia jókòó, wọ́n ṣe òfin pé ìrìbọmi kò yí ipò ẹrú padà. Ẹni tí a bí sóko ẹrú, bó bá ṣe ìrìbọmi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, oko ẹrú ló wà. Wọ́n tilẹ̀ kọ ìdí rẹ̀ sínú òfin náà: kí ọkàn àwọn olówó ẹrú lè balẹ̀, kí wọ́n lè túbọ̀ máa fi ìtara tan ìsìn Kírísítì kálẹ̀ láàárín àwọn ẹrú wọn.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Àwọn ọkùnrin yìí kò sọ pé ẹrú kò ní ọkàn. Bí kò bá ní, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún? Wọ́n gbà pé ó ní in, wọ́n gbà pé ó ṣe é gbà là, wọ́n sì fẹ́ kó dé ọ̀run. Wọ́n wá fi òfin là á sí méjì, wọ́n yọ̀ǹda ọkàn fún Ọlọ́run, wọ́n mú ara àti ọmọ àti agbára ọwọ́ rẹ̀ fún ara wọn. Mi ò mọ ohun tí a lè pe ìyẹn bí kì í bá ṣe ìkórìíra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó bínú nínú ilé ìgbìmọ̀ yẹn, tí ó sì lè jẹ́ pé àdúrà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan tún wà láàárín àwọn olóko Barbados àti Virginia tó ń sọ gbangba pé aláwọ̀ dúdú kò ní ọkàn rárá. Àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Morgan Godwyn, gbé ìwé jáde ní 1680 láti fi bá wọn jiyàn. Níbí yìí gan-an ni mo ti rí okùn tó so àìgba-ọkàn-gbọ́ pọ̀ mọ́ ìkórìíra, mi ò sì ní fi pamọ́. Okùn náà wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó dì í mú. Olóko yẹn kò sọ pé òun fúnra rẹ̀ kò ní ọkàn. Tirẹ̀ dá a lójú, ó ti ra ìjókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ti ẹni tó ń gé ìrèké fún un ni kò dá a lójú. Ẹni tó ní kò sẹ́ni tó ní ọkàn, tó ka ara rẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì gbé ara rẹ̀ ga ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tó ní "èmi ní, ìwọ ò ní", ọ̀rọ̀ náà kò tíì jáde tán lẹ́nu rẹ̀ tí pàṣán ti wà lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Ṣólàrín àti olóko Barbados ṣe jìnnà síra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni ẹnì kan lè pè ní aláìgbàgbọ́ nínú ọkàn. Godwyn pẹ̀lú, ìrìbọmi ló bèèrè fún àwọn ẹrú. Kò bèèrè òmìnira.

Bọ́rọ̀ ṣe rí ní òkè òkun nìyẹn. Ó dé ilé wa náà.

Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn. Wọ́n tà á títí tó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ó di Samuel Àjàyí Crowther, ó di àlùfáà, ó padà wá sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló ti tún rí ìyá rẹ̀ ní 1846 lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ní 1864 wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Bíbélì Yorùbá tí a ń kà, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Títí tó fi darúgbó, ó ń gòkè ó ń sọ̀ lórí odò Ọya. Bó bá bá àwọn mùsùlùmí pàdé, kì í bú ẹ̀sìn wọn. Á ṣí Bíbélì, á kà á fún wọn, á sì jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn. Ẹni tó bá ń wá àpẹẹrẹ ìgbàgbọ́ nínú ọkàn tó bí ìwà tútù, kó má wulẹ̀ wá a jìnnà.

Ní oṣù kẹjọ 1890, ìpàdé ìgbìmọ̀ iṣẹ́ ìwàásù odò Ọya wáyé ní Onitsha. Bíṣọ́ọ̀bù ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Gẹ̀ẹ́sì jókòó níwájú rẹ̀, J. A. Robinson àti Graham Wilmot Brooke ló ṣe aṣáájú wọn. Wọ́n ń ka ẹ̀sùn sí àwọn àlùfáà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀, títí kan Dandeson ọmọ bíbí inú rẹ̀ tó jẹ́ àṣídíákónì. Àgbàlagbà tó kọ́ iṣẹ́ náà láti ìpìlẹ̀, ọmọ àná ló ń dá a lẹ́kun ọ̀rọ̀ níbi tí òun ti jẹ́ olórí. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Wọ́n fi í tẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891.

Ẹ má rò pé alágàbàgebè ni Robinson àti Brooke. Ní Lọ́kọ́ja, wọ́n bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, wọ́n ń wọ ẹ̀wù Haúsá, wọ́n ń gbé bí àwọn tí wọ́n wá wàásù fún. Lọ́kọ́ja náà ni àwọn méjèèjì kú sí, Robinson ní 1891, Brooke ní 1892, láì tíì gbó. Wọ́n fi ẹ̀mí wọn lé ọ̀rọ̀ ọkàn tí kì í kú. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ wọn le nìyẹn. Ọkàn àwọn ènìyàn dúdú wù wọ́n dé ojú ikú, ṣùgbọ́n ènìyàn dúdú kan ṣoṣo tó jókòó níwájú wọn, tó gbọ́n jù wọ́n, tó dàgbà jù wọ́n, tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí a tó bí wọn, wọn ò lè fún un ní ọ̀wọ̀ rẹ̀. Ní 2014, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, Justin Welby, tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọ níbi ìsìn ìrántí 150 ọdún tí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù. Inú mi dùn sí i.

A ò gbọ́dọ̀ fi òyìnbó ṣe àwíjàre. Àwọn tó kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn kì í ṣe òyìnbó. Àwọn baba ńlá wa gbà gbọ́ pé bàbá a máa padà wá gẹ́gẹ́ bí Babátúndé, ìyá a máa yà lọ́dọ̀ ọmọ gẹ́gẹ́ bí Ìyábọ̀. Wọ́n gbà pé olúkúlùkù ló yan orí kó tó wá sáyé. Ìgbàgbọ́ wo nínú ọkàn ló tún lágbára jùyẹn lọ? Síbẹ̀ wọ́n bá ara wọn jagun ní gbogbo ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ogun Kírìjì nìkan gba ọdún 16, láti 1877. Ẹni tí wọ́n bá mú ń lọ sí ọjà, ó sì lè jẹ́ pé Babátúndé ni orúkọ rẹ̀. Ẹnu wọn kan náà ló pa òwe pé bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ. Òwe náà kò dẹ́kun títà, kò dẹ́kun ríra. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Gbogbo ẹ̀sìn ayé àti gbogbo ọgbọ́n orí ló ti ro irú ẹ̀fọ́ yìí rí.

Mo fẹ́ ṣe òótọ́ sí apá kejì pẹ̀lú. Ìjọba tó ní kò sí Ọlọ́run, kò sí ọkàn, ti pa ènìyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ní Rọ́ṣíà, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1925 láti gbógun ti ẹ̀sìn, nígbà tó sì di 1937 àti 1938, ìjọba Stalin yìnbọn pa àìmọye àlùfáà. Stalin fúnra rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ní Tiflis ló ti kàwé láti 1894 sí 1899. David Hume ti ilẹ̀ Scotland, tó kọ̀wé tako àìkú ọkàn, tó sì kú pẹ̀lẹ́tù ní 1776 láìretí ibì kankan, ọmọlúàbí ni gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é. Òun kan náà ló kọ ọ́ ní 1753 pé òun fura pé aláwọ̀ dúdú rẹlẹ̀ sí aláwọ̀ funfun nípa ẹ̀dá. Ẹni tó dá a lóhùn ní 1770 ni James Beattie, onígbàgbọ́ paraku, tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe ń yí. Lọ́jọ́ yẹn, onígbàgbọ́ ló jàre, aláìgbàgbọ́ ló jẹ̀bi.

Kí wá ni mo rí? Mo rí i pé ìkórìíra kì í dúró de ẹ̀kọ́ nípa ọkàn kó tó dé. Ó ti wọlé tipẹ́, ó ti jókòó, kó tó máa wá ohun tí yóò wí. Bí ó bá wà lọ́wọ́ ẹni tí kò gba ọkàn gbọ́, á ní ẹran àti egungun ni ènìyàn, kí ni ẹran já mọ́? Bí ó bá wà lọ́wọ́ ẹni tó gba ọkàn gbọ́, á ní ọkàn ló ṣe pàtàkì, ara kò já mọ́ nǹkan, ẹ jẹ́ ká sun ara kí ọkàn lè là. Àwíjàre méjèèjì ti pa ènìyàn. Bí inú ti rí ni obì ń yàn. Ẹni tí inú rẹ̀ dára, bó bá ní ẹran àti egungun ni ènìyàn, ohun tó máa tẹ̀ lé e lẹ́nu rẹ̀ ni pé ẹran náà ń rora, ẹ tètè wá oògùn, torí ìgbésí ayé kan ṣoṣo ló ní. Bí ó bá ní ọkàn tí kì í kú ni ènìyàn, ohun tó máa tẹ̀ lé e ni pé kò sẹ́ni tó ṣeé tà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí n sọ ẹni tó peregedé, Crowther àti Ṣólàrín ni màá fi síbi kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ì bá jiyàn di ọ̀gànjọ́ òru lórí ọ̀run. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. A ti sọ ìperegedé di ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí, ọ̀rọ̀ ilé alájà mẹ́ta, ọ̀rọ̀ oyè nínú ìjọ. Iṣẹ́ rere wà nínú àwọn wọ̀nyẹn, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n ìwà rere lẹ̀ṣọ́ ènìyàn, ìwà náà sì ní ibi tí a ti ń dán an wò, ìyẹn níwájú ẹni tí kò lè san oore padà, tí kò sì lè gbẹ̀san. Ọmọ tí kò ní bàbá tó di ọkọ́ mú ní Mayflower kò lè san nǹkan kan fún Ṣólàrín. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin Onitsha mọ̀ pé arúgbó yẹn kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ; bí wọ́n bá sì fún ni ní ẹrú ṣe olórí fún, ó yẹ ká lè fi tọmọ tọ́jú rẹ̀.

Lónìí, ní orílẹ̀-èdè wa, ta ló ń kórìíra ta? Ní 2014, àwọn ẹbí Mubarak Bala gbé e lọ sí ilé ìwòsàn wèrè ní Kano nítorí ó ní òun kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Ní 2020 wọ́n mú un nítorí ohun tó kọ sórí Facebook. Ní 2022 ilé ẹjọ́ Kano rán an lẹ́wọ̀n ọdún 24, kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dín in kù sí 5 ní 2024. Ẹni tí a ní kò ní ọkàn tó lè nífẹ̀ẹ́ kò na ẹnikẹ́ni. Àwa tí a ní ọkàn la fẹ́ kó lo ọdún 24 nínú ẹ̀wọ̀n. Èyí kan gúúsù náà. Mo mọ ìyá tó ní kàkà kí ọmọ òun fẹ́ aláìgbàgbọ́, kó kúkú fẹ́ ọ̀mùtí tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí Ọlọ́run á yí ọ̀mùtí padà. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ojú tó mọ́, kò sì mọ̀ pé òun ti fi ọmọ òun ta tẹ́tẹ́.

Àwọn àgbà ìgbà kan mọ ìwádìí í ṣe jù wá lọ. Kí wọ́n tó fi ọmọ fún ọkọ, alárinà á lọ, á bèèrè kiri. Ṣé olè ń bẹ nínú ìran wọn? Ṣé wọ́n máa ń jẹ gbèsè? Ṣé wọ́n máa ń na obìnrin? Ṣé àìsàn burúkú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi pamọ́? Ilé oníṣàngó ń fi ọmọ fún ilé babaláwo, mùsùlùmí ń fẹ́ ọmọ onígbàgbọ́, ó sì ń tòrò. Àwa òde òní, orúkọ ìjọ àti orúkọ pásítọ̀ la kọ́kọ́ ń bèèrè. Bí ọmọ mi bá mú ọkùnrin tí kò gbà pé ọkàn wà wálé lọ́la, màá gbà á sílé, màá fún un lómi mu. Lẹ́yìn náà, màá rán ènìyàn lọ sí àdúgbò wọn, kó lọ bá mi bèèrè lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ilé wọn, kì í ṣe lọ́wọ́ bàbá ilé, bóyá orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, ìgbà wo ló máa ń jẹun, àti ohun tí ọmọkùnrin náà ṣe lọ́jọ́ tí ọmọ ọ̀dọ̀ náà fọ́ àwo.